Iṣẹ́ Tí Wọn Kò Polówó: Bí Mo Ṣe Rí Tèmi ní Iléeṣẹ́ Oúnjẹ

Mo fẹ́ bá àwọn tó ń wá iṣẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kàwé nípa oúnjẹ, kẹ́mísírì tàbí máíkróbáyọ́lọ́jì, tí ẹ jókòó ti fóònù láti àárọ̀ di alẹ́, tí ẹ ń retí ìpolówó. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà láwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà, Àgbárá, Òrégùn, Ìsọlọ̀ àti Ṣàgámù ni kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e rí. Ẹnì kan á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ẹlòmíì ti wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ìyà tó sì jẹ mí kó tó yé mi kì í ṣe kékeré.

Mo gba HND nínú Food Technology, mo ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì parí ní 2017. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìyànà Ìpájà ni mo padà sí. Nígbà yẹn, ohun tí mo ń pè ní wíwá iṣẹ́ ni kí n ra dátà, kí n wo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n fi CV kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo, kí n sì gbàdúrà. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́, sí iléeṣẹ́ epo, sí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, àní sí ibi tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ á dáhùn pé wọ́n ti rí ìwé mi gbà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á pè wá fún ìdánwò. Gbọ̀ngàn á kún àkúnfàya, àwọn tó ti gboyè kejì á wà láàárín wa, ipò tí wọ́n ń wá èèyàn sí ò sì ní pọ̀. Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí iléeṣẹ́ Immigration ní kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ wá ṣe ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju 500,000 lọ, ipò tó wà nílẹ̀ ò tó 5,000. Àwọn èèyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt, Mínà àti Benin, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì kú síbẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá wọ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń wá sí mi lọ́kàn. Títí di òní, ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré àti àárín kì í fi í polówó, torí ìgbà tí mo dé inú ni mo tó mọ̀ ọ́n. Bí máníjà bá polówó ipò kan ṣoṣo, ìwé tó máa wọlé á pọ̀ ju èyí tó lè kà lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò sì sí ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò ní ṣíìfù alẹ́. Kò ní oṣù méjì tó lè fi ka ìwé. Á bọ́ síta, á bi àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, “Ta lẹ mọ̀ tó mọ iṣẹ́ yìí, tí kò ní jalè, tí kò ní sá lọ?” Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde ló máa pè. Kò kórìíra ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Kò mọ̀ pé ẹ wà ni.

Èmi ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní ilé ìfowópamọ́, ipò wọn ga níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún bàbá mi pé, “Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún mi.” Bàbá mi fọkàn balẹ̀, èmi náà fọkàn balẹ̀. Gbogbo Sunday ni mo ń lọ kí wọn, wọ́n á ní kí n tún CV fi ránṣẹ́, màá tún un fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ gan-an kí n tó jókòó bi ara mi léèrè pé: ta ni ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ mọ̀ ní iléeṣẹ́ bisikíìtì? Wọn ò parọ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ràn mi dénú. Ohun tí kò sí lápò wọn ni mo ń retí pé kí wọ́n mú jáde. Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹbí, tí a sì ń bínú sí wọn bí oṣù ṣe ń gorí oṣù.

Lákòókò yẹn ni mo ṣíwọ́ lílọ sí òde. Ìkómọ ni o, ìgbéyàwó ni o, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mi á ní, “Iṣẹ́ ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn máa ń wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara mi ò yá. Màmá mi á wọ aṣọ ẹbí tiwọn, wọ́n á dá lọ. Mi ò mọ̀ pé ibi tí mo ń sá fún yẹn gan-an ni àwọn tó lè dárúkọ mi wà.

Ohun tó là mí lójú ṣẹlẹ̀ ní Òrégùn. Mo lọ gba ìwé kan níbi tí mo ti ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní iléeṣẹ́, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá láàbù níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí Láàbù, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rinrin inú ìyẹ̀fun àti bí wọ́n ṣe ń kọ àbájáde sílẹ̀ láì fi ohun kan pamọ́. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dì mọ́ mi.

“Ibo lo wà báyìí?”

“Ilé ni, mà.”

“Ilé kẹ̀? O ò níṣẹ́?” Wọ́n gbé jígí ojú wọn kúrò. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ọmọ tó wà níbí lọ lóṣù tó kọjá. Ọ̀gá bi gbogbo wa pé ta la mọ̀. Èmi rò pé o ti wà ní iléeṣẹ́ ńlá kan. Àbúrò ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù ni wọ́n gbà.”

Inú mi bàjẹ́, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà wà nínú láàbù, ó kí mi dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mọ̀mí Láàbù fẹ́ràn mi, wọ́n mọ ọwọ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ, wọn ì bá dárúkọ mi. Ẹnu mi ni ò sọ. Mo jókòó sínú dánfó láti Òrégùn dé Ìyànà Ìpájà, mi ò gbọ́ ariwo kọ̀ǹdọ́.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Mi ò kọ ti ẹbí. Àwọn tó ti rí mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ni mo kọ: àwọn tí a jọ ṣe IT, olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, àwọn tó ṣáájú mi jáde ní ẹ̀ka wa, ọkùnrin tó máa ń wá tún ìwọ̀n ṣe ní láàbù Òrégùn, obìnrin tó ń kó páálí wá fún iléeṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn, mi ò gbúròó wọn láti ọdún pípẹ́.

Mo rí i kà lẹ́yìn náà pé onímọ̀ ẹ̀kọ́ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, ti ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ yìí, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1973. Ó bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nítòsí Boston pé, nínú àwọn tí wọ́n ti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀ gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ẹni yẹn lemọ́lemọ́ tó. Ìdá 16.7 nínú 100 ló ní àwọn ń rí ẹni náà déédéé. Ìdá 55.6 ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìdá 27.8 sì ní ó ṣọ̀wọ́n. Ó jọ mí lójú púpọ̀. Àwọn tí a jọ ń gbé, ohun tí a mọ̀ náà ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó jìnnà díẹ̀ sí wa ló wà níbi tí etí wa ò dé. Bí mo bá ti mọ èyí ní 2017, ǹ bá má ti fi gbogbo Sunday mi sí ojú kan.

Ojú tì mí láti pe àwọn èèyàn yẹn. Mo fẹ́ sọ èyí gbangba torí mo mọ̀ pé òun ló ń dá ọ̀pọ̀ yín dúró. Ẹni tí o kò kí láti ọjọ́ pípẹ́, o wá fẹ́ pè é torí iṣẹ́! Àwọn tó pọ̀ jù lọ ò kà á sí. Inú wọn dùn pé mo rántí. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi wí, ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi jáde. Wọ́n ní, “Ìgbà tí nǹkan bá ká ọ mọ́ lo tó mọ̀ pé mo wà láyé.” Mo kúnlẹ̀ lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń kí wọn nígbà ọdún, kódà bí mi ò ní ohun kan tí mo fẹ́ béèrè. Wọ́n ti di ẹ̀gbọ́n mi lóòótọ́ báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ ń sọ kò dára. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá iṣẹ́. Iṣẹ́ èyíkéyìí ni.” Mo rò pé bí mo bá ní “èyíkéyìí”, ọ̀nà mi á gbòòrò. Àwọn èèyàn á ní ó dáa, kí n fi CV ránṣẹ́, ó tán. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, kí ló máa rántí nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá bi í pé ta ló mọ̀? Kò sí ibi tó lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó tún gbé ẹrù lé e lórí, torí kò níṣẹ́ lápò, ojú á wá tì í láti tún gbé ìpè mi.

Nígbà tó yá, ohun tí mo ń kọ ránṣẹ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi lọmọ IT tó máa ń ṣe àyẹ̀wò ìyẹ̀fun ní láàbù nígbà tí ẹ ń wá tún ìwọ̀n ṣe. Mo ti gba HND, mo sì ń wá iṣẹ́ láàbù tàbí QC (àyẹ̀wò bí ọjà ṣe dára sí) láàárín Ìkẹjà sí Ọ̀tà. Mi ò ní kí ẹ wá iṣẹ́ fún mi o, sà. Ìbéèrè kan ni mo ní: nínú àwọn iléeṣẹ́ tí ẹ máa ń dé, èwo lẹ rí pé iṣẹ́ ń pọ̀ sí lọ́wọ́ wọn, ta ni mo sì lè kí níbẹ̀?”

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ga. Kò sẹ́ni tí kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ọkùnrin tó ń tún ìwọ̀n ṣe pè mí padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ka orúkọ iléeṣẹ́ fún mi títí kírédíìtì rẹ̀ fi tán. Ronú sí ipò rẹ̀: ó ń wọ láàbù iléeṣẹ́ oríṣiríṣi. Ó mọ ibi tí àga ti ṣófo, ó mọ ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ èèyàn, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó. Ìyẹn wúlò fún mi ju gbogbo ìpolówó tí mo ti kà lọ.

Kí n má gbàgbé ohun méjì tí mo kọ́ nígbà yẹn. Bí ẹnì kan bá fún mi lórúkọ, mo máa ń béèrè pé, “Ṣé mo lè sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n kí wọn?” Bí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní dárúkọ wọn. Èkejì, mo máa ń padà lọ jíṣẹ́. Bí ibi tí wọ́n rán mi bá so èso, bí kò bá so, màá pè wọ́n: “Mo dé ọ̀dọ̀ wọn, sà. Wọ́n ní kò sí àyè báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ ṣé.” Nígbà tí mo bá pè láti jíṣẹ́, àwọn míì á tún fún mi ní orúkọ kejì tí mi ò béèrè.

Mo tún máa ń lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn iléeṣẹ́ fúnra mi. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Ọ̀tà, mo kọ́kọ́ ń fún sẹ́kúríítì ní àpòòwé mi, títí di ọjọ́ tí mo rí òkìtì àpòòwé lábẹ́ tábìlì wọn, tí eruku bò, tí ẹnì kan fi gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lé. Àwọn ọmọ bíi tèmi ló wà nínú àwọn àpòòwé yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ àfi bí mo bá mọ orúkọ ẹni tó máa gbà á. Bí o bá sọ pé “Mo fẹ́ rí HR,” wọ́n á ní kò sí àyè. Bí o bá sọ pé “Mo wá kí Ọ̀gbẹ́ni Báyìí ní ẹ̀ka QC, wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀,” tó sì jẹ́ òótọ́, wọ́n á tẹ fóònù sínú.

Níbo ni mo ti ń rí orúkọ? Lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó wà ní òdìkejì géètì. Ẹ má fojú kéré wọn. Gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ló ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ráhùn. Wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n fi ṣíìfù kún ṣíìfù, wọ́n mọ ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ Kánádà. Mo máa ń jẹun, màá sanwó, màá sọ òótọ́ ohun tí mo wá ṣe. Mi ò parọ́ fún wọn rí. Ìyá kan ní Ọ̀tà ló sọ fún mi pé iléeṣẹ́ tí mo ń lépa ń dá èèyàn sílẹ̀ ni, kí n má fi owó ọkọ̀ mi ṣòfò síbẹ̀ mọ́. Mo tún rí i pé àárọ̀ Monday kò dára, torí ìpàdé ni, ìparí oṣù náà ò dára, torí wọ́n ń ka ọjà. Tuesday sí Thursday, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ni ara máa ń rọ̀ wọ́n díẹ̀.

Mo tún kọ lẹ́tà, kì í ṣe irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Mo fẹ́ tọrọ iṣẹ́”. Mo ra ohun mímu inú ọ̀rá kan lọ́jà, mo rí i pé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ń pa rẹ́ bí mo bá fi àtàǹpàkò nù ún. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé tàdáwà kì í dì mọ́ ọ̀rá bí ojú rẹ̀ bá tutù, tàbí bí àwọn tó ṣe ọ̀rá náà kò bá fi iná pèsè ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Mo rà á ní ọjà mìíràn, bákan náà ló rí. Mo wá orúkọ ẹni tó ń darí QC wọn, mo kọ ìdajì ojú ìwé: ohun tí mo rí, ibi tí mo ti rà á, nǹkan méjì tó ṣeé ṣe kó fà á, bí wọ́n ṣe lè dán an wò. Mo kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mi ò sì fi hàn ayé. Wọ́n pè mí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n mú mi wo inú iléeṣẹ́. Wọ́n ní kò sí àyè. Nígbà tí àyè wá ṣí sílẹ̀, mo ti níṣẹ́ níbòmíràn, mo sì fi ọmọ kíláàsì mi kan hàn wọ́n. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Iṣẹ́ tèmi wá láti ibi tí mi ò fojú sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, mo lọ sí ìpàtẹ Propak West Africa ní Landmark Centre, Victoria Island, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ọjà àti ẹ̀rọ oúnjẹ ti máa ń pàtẹ. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá iṣẹ́ lo ọjọ́ yẹn láti máa pín CV, àwọn olùpàtẹ á gbà á, wọ́n á kó o sí abẹ́ tábìlì. Èmi dúró níwájú ẹ̀rọ kan tó ń rọ yógọ́ọ̀tì sínú ike, mo béèrè ìbéèrè gidi: báwo ni wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀rọ náà láì tú u? Ẹnjiníà tó wà nídìí rẹ̀ tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Ibo lo ti ń ṣiṣẹ́?” Mo sọ òótọ́. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo béèrè ìbéèrè mi, pé nínú àwọn tí wọ́n ń to ẹ̀rọ fún, ta ni kò tíì ní ẹni tó máa wà ní láàbù.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Alhaja kan wà lọ́nà Ṣàgámù. A fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀rọ wọn. NAFDAC máa tó wá wo ibẹ̀, wọn ò sì tíì ní ẹnì kankan.”

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn. Kí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tó fún oúnjẹ ní nọ́ńbà, wọ́n ń wá wo iléeṣẹ́, wọ́n sì ń béèrè ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun máa nílò irú wa láìpẹ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rántí tàbí kò tíì rántí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Bákan náà ni FIIRO ní Oṣòdì, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1956. Àwọn tó ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹ́ dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Alhaja ò bi mí ní ìbéèrè inú ìwé. Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn bóyá yógọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò dára. Mítà pH wà lórí tábìlì, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè fi èyí sọ òótọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rẹ ẹnu rẹ̀, ká sì fi bọ́fà 4 àti 7 yẹ̀ ẹ́ wò.” Wọ́n dákẹ́ wò mí. Wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Mo dárúkọ Mọ̀mí Láàbù. Wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n pè wọ́n lójú mi. Ohun tí Mọ̀mí Láàbù sọ fún Alhaja lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ ọ tán, mo kàn rí i pé ojú Alhaja ń tú ká.

Iṣẹ́ tí a bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn ní ewu tirẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nítorí pé kò sí ìpolówó, kò sí ibi tí wọ́n kọ owó oṣù àti iṣẹ́ rẹ sí. Wọ́n lè ní kí o bẹ̀rẹ̀ ná, ìwé ń bọ̀. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè tèmi, mo sì tún béèrè, ó sì jáde. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sì ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ìdá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8. Ẹ béèrè. Ẹ béèrè bákan náà pé ṣé káṣúà ni wọ́n gbà yín sí, ta ló sì máa sanwó, ṣé iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni tàbí alágbàṣe.

Àwọn ẹlẹ́tàn náà mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìròyìn wà, ìyẹn ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní “owó fọ́ọ̀mù inú” ni. Wọ́n pe èmi náà sí ibì kan ní Ìkẹjà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo débẹ̀, mo bá àwọn èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹ́ kí n ra ọjà kí n tó lè máa tà á. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ fún ọ kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin, ọ́fíìsì lójú mọmọ ni kí ẹ ti pàdé ẹnikẹ́ni, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe “ẹ jẹ́ ká mu nǹkan ná”. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan kí ẹ tó jáde. Mo ti dìde kúrò nídìí tábìlì ẹni tó ń fọwọ́ kàn mí léjìká, mo sì sunkún nígbà tí mo délé, torí orúkọ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún ló mú mi débẹ̀. Ẹni yẹn ò mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó tọrọ àforíjì, kò sì rán ọmọ kankan síbẹ̀ mọ́.

Èmi náà ti wà nínú báyìí, èmi ni wọ́n ń bi pé ta ni mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà mí láàmú, torí mo mọ̀ pé bí a ṣe ń gba èèyàn yìí kò bá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ọmọ tó ti Ṣakí tàbí Ìgbòho wá, tí kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó, iṣẹ́ lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má rí i. Torí náà, mo ní ìwé kan tí mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ IT tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ kálukú wọn dá lé. Bí Alhaja bá béèrè, ìwé yẹn ni mo ń ṣí, n kì í wá èèyàn láàárín ẹbí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹnikẹ́ni rárá, ibi tí ẹ ti ṣe IT ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà olùkọ́ yín, lẹ́yìn náà ìpàdé NIFST, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ní ẹ̀ka tó sún mọ́ yín. Ẹ lọ jókòó, ẹ béèrè ìbéèrè, ẹ bá wọn kó àga lẹ́yìn ìpàdé. Ìgbà tún wà tó dára jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ oúnjẹ máa ń fi ṣíìfù kún iṣẹ́ nítorí ọdún Kérésì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn yín láti oṣù Kẹjọ, torí tó bá fi máa di oṣù Kọkànlá, wọ́n ti gba àwọn tí wọ́n máa gbà.